Fíúsì Tí Kàfáyá Fi Ṣe Èènì

Yẹ́lò ni àbí pupa? Yẹ́lò… Yẹ́lò ló ń lọ sórí bátìrì tààrà, òun ló ń bá rédíò rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé. Pupa ni ti kọ́kọ́rọ́. Bí mi ò bá tíì yí kọ́kọ́rọ́, pupa ń sùn. Bí mo bá yí i, pupa á jí. Bẹ́ẹ̀ ni. Àbí mo ti dojú ẹ̀ délẹ̀? Àárọ̀ yìí gan-an ni mo kà á nínú jọ́tà mi, mo tún un kà lẹ́yìn àdúrà, mo tún… Jẹ́jẹ́, ìwọ obìnrin yìí. Jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tó ń kánjú kì í bó wáyà.

Ó ń kánjú lóòótọ́. Ẹ̀rù kọ́. Bí mo bá ní ẹ̀rù ni, irọ́ ni mo pa. Inú mi ló ń dùn, ó sì ń dùn débi pé ó ń tì mí lójú. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjàpá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú bí ajá tó gbé eegun. Bí Ìyá Ṣóbándé ojúlé kejì bá yọjú lórí ògiri báyìí, igbe ló máa ké: "Yéè, ẹ gbà mí! Ìyá Jemimah ti dákú sínú mọ́tò!" Mi ò dákú o. Mi ò dákú rárá. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ọ̀la ni. Ọ̀la ni Jemimah mi máa wọ aṣọ dúdú gbágẹrẹ yẹn, tí wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yunifásítì tí mo ti ń gbálẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ gbogbo igun gbọ̀ngàn yẹn. Mo mọ àga tó máa ń dún bí èèyàn bá mí. Ọ̀la, mi ò ní mú ìgbálẹ̀ wọ ibẹ̀. Ọkọ̀ la máa gbé wọ géètì wọn, ìjàpá aláwọ̀ sánmà yìí, tí bàbá ọkọ mi rà nígbà tí ọkọ mi ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Kí orin sì máa jáde nínú rẹ̀! Kí àwọn tó ń gun jíìpù yíjú wò wá! Olúwa, dárí jì mí, ìgbéraga kọ́. Ó dáa, ìgbéraga díẹ̀ ni.

Johnson ọkọ mi kò mọ̀. Ó ti wa bọ́ọ̀sì ìjọ lọ Adó-Odò láti kó àwọn àlejò wá, ó ní òun á padà dé bí oòrùn bá rọ̀. Oòrùn ṣì wà lórí páànù. Àyè wà. Àyè ṣì wà.

"Rédíò kankan ò tún gbọdọ̀ wọnú ọkọ̀ yìí mọ́ láéláé." Bó ṣe wí nìyẹn lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún tí iná bó sókè, báńdéèjì funfun báláú. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin tó máa ń bá rédíò kọrin débi pé àwọn ọlọ́kadà á dẹ́sẹ̀ dúró wò ó, ti dákẹ́ sídìí sítíárì. A ó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a ó bọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan. Jemimah ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kan: "Mọ́mì, inú ọkọ̀ yìí wá dà bí ilé ọ̀fọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ó lè bínú. Ó lè ní kí n tú u ní kíá. Àmọ́ bí mo bá fi hàn án… bí mo bá ní, Bàbá Jemimah, ẹ wò ó, ẹ wo ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tí mo fi fíúsì sí, ẹ wo rọ́bà, iná kankan ò lè jó wa mọ́. Kó sáà tún kọrin. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Kó yanu kó kọrin lọ́la, kí ọmọ wa gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ kó tó wọlé lọ gbàwé ẹ̀rí.

Orí dúdú bátìrì ni mo kọ́kọ́ tú. Dúdú ló ń kọ́kọ́ jáde, dúdú ló ń wọlé kẹ́yìn, bí ìyá ilé tó ń jí ṣáájú, tó ń sùn kẹ́yìn. Ọkọ̀ yìí náà! Ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn, búùtù níwájú, bátìrì sápamọ́ sábẹ́ àga ẹ̀yìn bí adìyẹ tó ń sàba. Ọdún mélòó ni mo fi jókòó lé e lórí lọ sí ìsìn, tí mò ń kọ orin ẹ̀mí, tí mi ò mọ̀! Irin kíká tó wà lábẹ́ àga yẹn fẹ́ẹ̀ kan orí rẹ̀. Mo ti gé kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà bò ó. Láti orí pupa ni wáyà mi ti gbéra, fíúsì sì jókòó síbẹ̀, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí bátìrì. "Kò gbọdọ̀ jìnnà, Mọ́mì," Adébùkọ́lá olùkọ́ mi ní. "Ẹ̀ṣọ́ kì í dúró sí Alápòtí kó máa ṣọ́ ilé tó wà l'Ọ́tà."

Ọmọ yẹn! Ọmọ ọdún méjìlélógún, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ iná, ó gbé bátìrì ògbólógbòó kan wá sábẹ́ igi lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ní òun máa kọ́ àwa agbálẹ̀ ní iná mọ́tò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Àwọn tó kù lọ kọ́ ọṣẹ ṣíṣe. Àwa méje la bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ku èmi nìkan. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò kà á já fáfá, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ fi gúlóòbù kékeré yẹn kan orí bátìrì, tó tàn… Ṣé mo lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni? Ó dà bí ọjọ́ tí wọ́n gbé Jemimah lé mi láyà.

"Mọ́mì, kí ni iṣẹ́ fíúsì?"

"Kó gbé iná kọjá ni. Bí afárá."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. "Rárá o, Mọ́mì. Iṣẹ́ fíúsì ni kó kú. Bí wáyà bá lọ fara kan irin níbi tí kò yẹ, tí iná wá ń ya wọ̀ ọ́ bí àgbàrá, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú, kí wáyà má baà gbóná, kí ọkọ̀ má baà jó."

Mo kọ ọ́ sínú jọ́tà. Mo fa ìlà sí i nídìí. Lẹ́yìn náà, mo… mo pa ìwé náà dé. Ó dà bíi pé ẹnì kan pè mí lẹ́yìn, tí mi ò sì bojú wẹ̀yìn.

Rọ́bà róbótó yìí dà? Ó wà níbí. Ibi tí wáyà bá ti gba ojú ihò irin kọjá, rọ́bà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí etí irin mú bí abẹ, ọkọ̀ á sì máa jì í, á máa jì í, títí ara wáyà á fi bó. Báyìí. Wọlé. Wọlé, ọmọ dáadáa. Ẹ wò ó bó ṣe jókòó pẹ́! Kàfáyá tó ń ta ohun èlò mọ́tò ní Sángo ló ṣà á fún mi, ó fi ìka wọn ihò náà nínú afẹ́fẹ́ lásán: "Ìjàpá ni? Mo mọ̀ ọ́n. Èyí ló máa gbà."

Kàfáyá. Ọdún mẹ́jọ ni mi ò fi ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo máa ń gba òdìkejì títì Sángo kọjá, màá máa wo ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo ibi tí mo dé, fíúsì onígíláàsì tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá kò sí. Alágbára ọgbọ̀n ni wọ́n ní, wọ́n ní kí n mú un, pé bákan náà ni. Kì í ṣe bákan náà. Èmi náà ti mọ̀ báyìí. Bí agbára fíúsì bá ju ti wáyà lọ, wáyà ló máa kọ́kọ́ kú. Ni mo bá dé ọ̀dọ̀ Kàfáyá.

"Hẹn-ẹ̀n! Ìyá Jemimah! Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àdìzát."

"Èmi rò pé ẹ ti gbàgbé pé ibì kan ń jẹ́ Sángo." Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó gba wáyà ọwọ́ mi, ó yí i wò. "Ta ló fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún yín?"

"Èmi ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín wá dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ̀rọ̀, ẹ fẹ́ jẹ́ kí ọkọ̀ máa sọ̀rọ̀!"

Mo béèrè Rauf, ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe iná mọ́tò nígbà kan. Ó yẹ kí n béèrè. Ó ní, "Ó ń bẹ ní Ìgbẹsà, nílé iṣẹ́ ayọ́rin. Ó ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ̀rọ kì í pe èèyàn ní ajómọ́tò." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ó di fíúsì náà sínú bébà, ó tún mú ẹyọ kan sí i. "Èyí fún lílò, èyí fún àṣìṣe. Èènì ni, ẹ máa gbé e lọ." Mo dúpẹ́, mo sáré jáde bí olè.

Kí nìdí tí mo fi sáré?

Jẹ́ kí n ṣe dúdú. Dúdú rédíò, ara irin ló ń lọ, àmọ́ ọ̀dà gbọ́dọ̀ kúrò lára irin náà títí á fi dán. Mò ń fi ọ̀bẹ ha á. Kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Abẹ́ daṣibọ́ọ̀dù níbí ṣì dúdú. Èéfín ọjọ́ yẹn ni. Oníṣẹ́ iná mọ́tò míì tí Johnson pè lẹ́yìn ìjàǹbá náà kàn gé wáyà ìwájú kúrò ni, ó yọ rédíò tó jó, ó ní ìyókù kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òórùn náà ṣì ń bẹ. Rọ́bà jíjó. Èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ báyìí, bóyá kò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́…

Oṣù kan gbáko ni rédíò ìgbà yẹn fi yadi. Rauf ló fi sí ọkọ̀, Rauf ọ̀rẹ́ Johnson, tó máa ń gbé ẹran iléyá wá fún wa kó tó gbé e fún àna rẹ̀. Àsìkò ààwẹ̀ wọn ló yadi, Johnson ní ká jẹ́ kó gbààwẹ̀ rẹ̀ tán ká tó dà á láàmú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a dúró lẹ́bàá ọ̀nà, Johnson lọ ra omi. Jemimah ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Èmi jókòó níwájú, mo rí rọ́bà dúdú gbọọrọ kan tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rédíò. Mo mọ̀ ọ́n: ilé fíúsì ni. Mo yí i, ó ṣí. Gíláàsì kékeré ló wà nínú rẹ̀, okùn inú rẹ̀ ti já. Mo ti rí ohun tí àwọn awakọ̀ ń ṣe ní gáréèjì. Mo ní, "Jemimah, mú bébà fàdákà inú ṣingọ́ọ̀mù ẹ wá." Mo wé e mọ́ gíláàsì náà, mo dé e padà, mo tẹrí ba kí n lè tì í sókè.

Rédíò sọ̀rọ̀!

Johnson bá mi níbẹ̀, orí mi wà nílẹ̀, ojú mi wà ní dídì torí eruku tó ń já bọ́. Ó ju omi sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Jemimah, ṣé àdúrà lo gbà?" Mo… Mo gbàdúrà lóòótọ́. Mo ti sọ nínú mi pé, Olúwa, jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba máìkì níwájú ìjọ. "Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, oṣù kan ni rédíò ọkọ̀ mi fi yadi! Ìyàwó mi yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn tẹrí ba báyìí, kí n tó ra omi dé, òkú ti ń kọrin!" Ìjọ hó yèè! Wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí n gba máìkì kí n ní ṣingọ́ọ̀mù ni? Mo sọ fún ara mi pé Ọlọ́run tó lo ọ̀pá Mósè lè lo bébà ṣingọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń gbé áyọ́ọ̀nù wá bá mi nílé, kí n gbé ọwọ́ lé e. Ìyá Ṣóbándé gbé blẹ́ńdà wá. Mo sì gbé ọwọ́ lé blẹ́ńdà! Kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ Ìyá Ṣóbándé ló kéré. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn kò tíì fi tọkàntọkàn kí mi.

Mò ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan lábẹ́ daṣibọ́ọ̀dù, mò ń rẹ́rìn-ín bí…

Sọ́ńdè kejì sí ìgbà náà ló jó. A fẹ́ẹ̀ dé Tólgéètì. "Mọ́mì, kí ló ń rùn?" Kí n tó wẹ̀yìn, èéfín ti ń jáde níbi tí ohùn orin ti ń jáde. Johnson fa Jemimah yọ láti ojú fèrèsé, ó fi ọwọ́ lásán já wáyà tó ń ràn, àwọn èèyàn ń bu iyanrìn sí i. Ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, lórí títì.

Ó dáa. Ó ti kọjá. Wáyà Rauf ni. Wáyà játijàti ni Rauf fi sí i, Johnson ló… gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Dúdú ti dúró. Pupa ti wọ ibi tirẹ̀. Yẹ́lò, mo ti dè é, mo ti fi téèpù wé e. Sípíkà ọ̀tún, sípíkà òsì. Mo tún ń padà lọ sẹ́yìn, orúnkún mi ń ké, jẹ́ kó ké. Orí pupa wà níbẹ̀. Orí dúdú ló ń wọlé kẹ́yìn. Olúwa, ìránṣẹ́bìnrin rẹ rèé. Mo dè é. Kò sí èéfín. Mo yí kọ́kọ́rọ́…

Ó tàn! Ó tàn! Iná búlúù! Àwòrán nọ́ńbà! Ẹ̀yin èèyàn mi! Àwọn akọrin kan ń kọrin nínú ìjàpá, ohùn obìnrin, ohùn ọkùnrin, dùùrù, gbogbo rẹ̀ mọ́ gaara bí omi orísun, èmi ni mo ṣe é, ọwọ́ yìí, ọwọ́ tó ń di ìgbálẹ̀! Mò ń pàtẹ́wọ́. Mò ń fi èjìká jó lórí àga awakọ̀. Bí mo bá lè ké, mi ò bá ké, ṣùgbọ́n Ìyá Ṣóbándé… Ó dáa, mo ké. Mo ké díẹ̀. "Hó-ò!" Adébùkọ́lá gbọ́dọ̀ gbọ́. Kàfáyá gbọ́dọ̀ gbọ́! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti rédíò wọ ihò rẹ̀, kó jókòó dáadáa, kí Johnson má bàa bá a ní rírọ̀ sílẹ̀ bó bá dé. Tì í. Ó fẹ́ há. Tì í díẹ̀ sí i…

Tà!

Mo ti wà níta. Bí mo ṣe dé ìta, mi ò mọ̀. Bàtà mi kan ṣì wà nínú ọkọ̀. Orin ti dákẹ́. Jésù. Jésù. Iná kékeré kan ṣẹ́jú lẹ́yìn rédíò, mo rí i. Èéfín dà? Kò sí èéfín. Òórùn? Mò ń fín-ín, mò ń fín-ín… òórùn ọ̀dà tí mo ha nìkan. Iyanrìn dà? Dúró. Dúró, obìnrin yìí. Dúdú. Kọ́kọ́ lọ tú dúdú.

Mo tú u. Mo fi ọwọ́ tọ wáyà láti ẹ̀yìn dé iwájú: tútù. Tútù bí ìkòkò omi. Mo yí ilé fíúsì ṣí. Gíláàsì náà rèé. Okùn inú rẹ̀ ti já.

Ó kú! Ó kú dáadáa! Ẹ̀rín ti gbé mi, omi ń jáde lójú mi. Wáyà kan fara kan irin, kíá, kó tó di pé mo mí, ó ti kú, ọkọ̀ ò jó, àga ò jó, èmi ò jó! Wo nǹkan kékeré yìí bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀! Oríire ni ikú rẹ̀ yìí. Ó kàn dákẹ́ ni, kí n lè mọ̀ pé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ wò… 

Rédíò dákẹ́ kí n lè mọ̀ pé…

Oṣù kan gbáko ló fi yadi.

Rárá. Jẹ́ kí n wá ibi tó ti fara kan ara wọn. Lẹ́yìn rédíò. Téèpù mi ló tú, mo mọ̀ ọ́n, mo yára jù. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Irin. Wáyà tuntun. Irin. Kí lèyí? Nǹkan gbọọrọ, ó le, ó lẹ̀ mọ́ ara irin lókè níbi tí tọ́ọ̀ṣì kò dé. Mo fà á. Ó já, eérú bo ọwọ́ mi.

Rọ́bà dúdú gbọọrọ. Ìdajì rẹ̀ ti yọ́ bí ìpara. Wáyà tó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde ti jó di èédú. Kò yí mọ́, mo ní láti fi ẹ̀mú fọ́ ọ.

Bébà fàdákà. Kò jó. Gbogbo nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jó, òun ń dán. Ó tún ń dán bí ọjọ́ tí Jemimah nawọ́ rẹ̀ sí mi.

Mo jókòó. Fíúsì tó kú nísìnsìnyí wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì, èyí wà ní ọ̀tún. Ti Rauf. Rauf fi fíúsì sí i. Okùn inú rẹ̀ já nítorí pé wáyà ti bó níbì kan, ó ń fara kan irin, fíúsì sì kú bó ti yẹ kó kú, ó ń dúró de ẹni tó máa wá wò ó. Iṣẹ́ Rauf dára. Iṣẹ́ Rauf ló ń gbà wá, oṣù kan gbáko. Èmi ni mo… 

"Màmá Jemimah." Ohùn rẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. "Bó bá kú, ẹ ránṣẹ́ pè mí o. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi nǹkan wé e." Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún mi! Níbo ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí láti ọdún mẹ́jọ?

Mo sì wà níbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Rauf ní Sángo, mo di Jemimah lọ́wọ́ mú, nígbà tí Johnson ń na báńdéèjì sí i lójú níwájú àwọn oníbàárà. "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ fẹ́ sun ọmọ mi!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wo ọkọ̀ náà ná."

"Kí lo fẹ́ wò? Kí lo fẹ́ wò níbẹ̀?"

"Ohun tí ẹ sọ yìí ò lè ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sáà jẹ́ kí n wò ó." Ó yíjú sí mi. "Màmá Jemimah, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

Mo wo ilẹ̀. Wọ́n ní mo jẹ́ ìyá jẹ́jẹ́. Wọ́n fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tuntun: ẹ wo Ìyá Jemimah, ẹnu rẹ̀ kì í dá wàhálà sílẹ̀. Kò dá a sílẹ̀ lóòótọ́. Ó wé e. Ó wé e, kí orin lè máa lọ, kí ìjọ lè máa pàtẹ́wọ́, kí ọkọ mi lè máa fi mí yangàn. Wáyà ẹlòmíì ló ń gbóná. "Ajómọ́tò, ajómọ́tò", títí ó fi palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, tó di Ìgbẹsà.

Kàfáyá sì fún mi ní èènì.

Ó yẹ kí n máa sunkún. Kí ló dé tí ohun tó ń ṣe mí kò fi jọ ẹkún? Ó jọ ti gúlóòbù ọjọ́ náà lábẹ́ igi, ìgbà tí orí kan kan orí kejì. Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ́ òórùn yìí, mo ti wá mọ ibi tó ti ń wá.

Mo fi téèpù tuntun wé yẹ́lò, ìlọ́po mẹ́ta, mo fà á wò. Mo mú èènì Kàfáyá jáde nínú bébà. Èyí fún àṣìṣe. Mo fi sí i, mo dé e. Dúdú wọlé kẹ́yìn. Kọ́kọ́rọ́.

Àwọn akọrin náà kò tíì lọ. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́, bíi pé kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Bàbá Jemimah, ẹ jókòó ná. Rárá. Bàbá Jemimah, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ lọ ra omi… Ó máa bínú. Jẹ́ kó bínú. Ó lè má kọrin lọ́la. Bóyá kò tiẹ̀ ní bá mi jókòó nínú gbọ̀ngàn. Ó jẹ́rìí níwájú ìjọ nítorí mi. Ta ló máa gba máìkì báyìí? Èmi. Èmi tí mi ò gbá máìkì mú rí. Lẹ́yìn náà, Ìgbẹsà, lórí ọ̀nà eléruku yẹn, pẹ̀lú ìjàpá yìí, kí Rauf ṣí abẹ́ daṣibọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, kó rí i. Ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun wò ó.

Oòrùn ti kúrò lórí páànù, ó ti bọ́ sórí ògiri. Mo yí ohùn rédíò wálẹ̀, wálẹ̀, títí mo fi ń gbọ́ èémí ara mi.

"Èmi ni mo wé e."

Ó kéré jù. Mo tún un sọ. Ohùn mi dún láti gíláàsì iwájú dé gíláàsì ẹ̀yìn, mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Mo nu eérú kúrò lára bébà fàdákà náà. Mo gbé e sórí daṣibọ́ọ̀dù, lẹ́yìn sítíárì, níbi tí ẹni tó bá wọlé láti wakọ̀ á ti kọ́kọ́ rí i.